Lẹ́tà Tí Wọ́n Ní Póòpù Kọ

Ọjọ́ Àìkú tí Fadá kò wá ni wọ́n ka lẹ́tà náà. Ohun tó kọ́kọ́ kọ mí lóminú nìyẹn.

Ìjọ Àgùdà tó wà ní Ogbooro kò tóbi. Fadá tó ń bójú tó wa, Ṣakí ló ń gbé, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló sì ń wá ṣe Mísà fún wa. Ní ọ̀sẹ̀ tí kò bá wá, bàbá mi ló ń darí àdúrà, nítorí òun ni katikíìsì. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń múra àwọn tó fẹ́ ṣèrìbọmi sílẹ̀, tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ kí àwọn aláìsàn. Bí ẹ bá bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, yóò ní àgbẹ̀ oníṣu ni òun. Lóòótọ́, iṣu ló ń bọ́ ọ, ṣùgbọ́n ohun tó ń gbé e dìde láàárọ̀, ìjọ ni.

Èmi fúnra mi ń ṣe tíṣà ní Ṣakí. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń wá sílé, tí màá sì padà lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Ìdí nìyẹn tí mo fi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, lórí bẹ́ǹṣì kẹta, nígbà tí Alága ìgbìmọ̀ ìjọ dìde lẹ́yìn àdúrà ìkẹyìn.

Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni Alága. Ó mọ̀wé, kì í pa ìsìn jẹ, ó sì ti bá àwọn kan lọ sí Róòmù rí. Láti ìgbà tó ti dé, kò sí ìpàdé tí a óò ṣe tí kò ní sọ pé, “Nígbà tí a wà ní Róòmù.” Fọ́tò kan wà ní pálọ̀ rẹ̀ tó yà lọ́hùn-ún. Póòpù wà nínú fọ́tò náà, ṣùgbọ́n ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu Alága nìkan la fi mọ̀ pé ohun funfun kékeré tó wà lókè yẹn, èèyàn ni.

Ó fa ìwé kan yọ nínú báàgì rẹ̀. Ó ní kí gbogbo wa dìde dúró, pé lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ Baba Mímọ́ ni. A dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Lẹ́tà náà ní òun ń bá gbogbo ọmọ Àgùdà tó ń gbé láàárín àwọn tí kì í ṣe Kristẹni wí. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, ọmọ Àgùdà kankan kò gbọdọ̀ jẹ ẹran Iléyá mọ́. Kò gbọdọ̀ jókòó níbi tí ààfáà bá ti ń sọmọ lórúkọ. Kò gbọdọ̀ tẹ̀lé òkú Mùsùlùmí dé ibojì, ìbáà ṣe òkú ìyá tàbí ti bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá rú òfin yìí kò gbọdọ̀ gba Ara Olúwa mọ́, títí yóò fi tọrọ àforíjì ní gbangba níwájú ìjọ.

Ilé wo ní Ogbooro ni kò ní Mùsùlùmí nínú? Ìyá tó jókòó níwájú mi, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ń bá a dáná, hìjáábù ló sì ń wọ̀. Ọkùnrin tó ń lu agogo ìjọ, ọmọ ààfáà ni. Mo wo bàbá mi. Ó ti tẹrí ba, ó di ìwé àdúrà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kò sì wo ẹnikẹ́ni.

Mo mọ ohun tó ń rò, gbogbo ìjọ sì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Bàbá Àgbà, ti wà lórí ibùsùn láti bí oṣù mẹ́ta. Mùsùlùmí ni Bàbá Àgbà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, oúnjẹ kò wọlé mọ́, àwọn dókítà sì ti ní ká máa gbé e lọ sílé.

Kí n tó máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ, ó yẹ kí n sọ ohun tí Bàbá Àgbà jẹ́ sí bàbá mi. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, bàbá wọn ní ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwé àwọn Fadá òyìnbó. Àbúrò ni wọ́n mú. Ẹ̀gbọ́n ló gbé ẹní àti àpótí rẹ̀ lérí, tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé Ṣakí, tó sì fà á lé àwọn Fadá lọ́wọ́. Nígbà tí bàbá wọn kú, ẹ̀gbọ́n fi ilé kéwú sílẹ̀, ó dojú kọ oko, kí àbúrò má bàa kúrò ní ilé ìwé. Ibẹ̀ ni àbúrò ti di ọmọ Àgùdà. Ẹ̀gbọ́n kò bínú sí i. Ó ní Ọlọ́run kan náà ni, bí wọ́n bá ti lè máa kí i. Ní gbogbo Iléyá, itan àgbò kan máa ń ti ilé Bàbá Àgbà dé ilé wa kí oòrùn tó mú. Ọjọ́ tí wọ́n fi bàbá mi joyè katikíìsì, Bàbá Àgbà jókòó síwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó mú tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ́wọ́, inú rẹ̀ sì ń dùn ju ti gbogbo wa lọ.

Nítorí náà ni ara fi fu mí. Báwo ni Póòpù tó wà ní Róòmù yóò ṣe mọ ìgbà tí ẹ̀gbọ́n katikíìsì Ogbooro ń kú lọ?

Mo lọ bá Alága lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

“Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fojú kan lẹ́tà yẹn.”

“Ìwé Baba Mímọ́ kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣe tọwọ́ bọ̀wọ́, tíṣà.”

“Mi ò ní gbé e lọ, sà. Níbí náà ni màá ti kà á.”

Ó fi hàn mí, ṣùgbọ́n kò fi etí kan ìwé náà sílẹ̀. Àwòrán kọ́kọ́rọ́ méjì tó dábùú ara wọn wà lókè, ṣùgbọ́n dúdú rẹ̀ ti fọ́nká bí ohun tí wọ́n ti ṣe fọ́tókópì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Kò sí orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù wa níbẹ̀. Kò sí ọwọ́ Fadá. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, Yorùbá tó dán mọ́rán, ó sì ń sọ níbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pé, “gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ dájúdájú.” Kò sí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn ní ìjọ wa ju Alága lọ.

“Ta ló fi rán yín, sà?”

“Ó ti ọ̀dọ̀ àwọn tó yẹ wá.” Ó ká ìwé náà, ó tì í bọ báàgì. “Ṣé ẹ̀yin tí ẹ kàwé náà lẹ óò máa dojú ọ̀rọ̀ Póòpù bolẹ̀?”

Nígbà tí a délé, mo sọ gbogbo ohun tí mo rí fún bàbá mi. Ó jókòó lórí àga abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo àgbàlá. Ìyá mi ti gbé iyán síwájú rẹ̀, kò tíì fọwọ́ kàn án.

“Bàbá, mi ò gbà pé Póòpù ló kọ ọ́.”

“Kí lo fi mọ̀?”

“Póòpù mọ Iléyá ni? Ó mọ ìsọmọlórúkọ ààfáà?”

“Àwọn bíṣọ́ọ̀bù máa ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n lè ti sọ fún un.”

“Alága ló kọ ọ́, Bàbá. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló kún inú rẹ̀.”

Ó yíjú sí mi. “O ti rí i pé ó ń kọ ọ́?”

Mo ní rárá.

“Ohun tí èèyàn kò rí, kì í búra sí i. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé ni mo ti gbà pé Póòpù ló jókòó sórí àga Pétérù. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ tí mi ò lè kà mọ́ pé kò lè ṣìnà. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá ti tẹ́ mi lọ́rùn ni màá wá sọ pé òun kọ́ ló sọ ọ́?”

Ọ̀rọ̀ náà gún mi, nítorí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Mo bi ara mi léèrè bóyá ojú lẹ́tà yẹn ni mò ń wò, tàbí ojú Bàbá Àgbà. Ká ní lẹ́tà náà sọ ohun tí mo fẹ́, ṣé màá ka iye ìgbà tí wọ́n kọ “dájúdájú” sínú rẹ̀?

Lọ́jọ́ Ajé, bí mo ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, ọ̀dọ̀ Fadá ni mo gbà lọ. Fadá wa kò tíì pé ogójì ọdún, èèyàn jẹ́jẹ́ sì ni. Mo ṣàlàyé. Ó ń gbọ́ mi, ó ń yí bírò po lọ́wọ́.

“Mo ti gbọ́ nípa rẹ̀,” ló wí.

“Ta ló sọ fún yín, Fadá?”

“Ẹ jẹ́ kí n wádìí. Màá pè yín.”

“Ṣé irọ́ ni àbí òótọ́? Bàbá mi ò jẹun dáadáa láti àná.”

“Tíṣà, mo ní ẹ jẹ́ kí n wádìí.”

Mo jáde. Ní ojú ọ̀nà ilé, inú mi ò balẹ̀. Èèyàn tó mọ̀ pé nǹkan kì í ṣe òótọ́, ṣé ó nílò láti wádìí? Ọkọ̀ Alága ni Fadá máa ń wọ̀ bí ó bá ń bọ̀ ní Ogbooro, nítorí tirẹ̀ ti bàjẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí òun náà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọjá, kò pè. Ọjọ́rú kọjá.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni àkọ́bí Bàbá Àgbà pè mí. Mo wà níwájú kíláàsì. Ó ní, “Àbúrò mi, Bàbá ti lọ. Wọn ò ní gbà kó pẹ́. Lẹ́yìn ìrun Àìlà la óò sin wọ́n.”

Mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, mo gun ọ̀kadà. Ọyẹ́ ti mú kí gbogbo koríko ẹ̀bá ọ̀nà pọ́n, eruku sì bò mí títí mo fi dé Ogbooro. Ọkàn mi ò sí lára eruku. Ohun tí mò ń rò ni bí bàbá mi yóò ṣe ríra rẹ̀ bí kò bá lọ sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ní iwájú ilé wa, mo rí ọkọ̀ Alága.

Ó ti jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú bàbá mi. Aṣọ oko ni bàbá mi wọ̀. Ìwé katikísìmù àtijọ́ rẹ̀, tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, wà lórí itan rẹ̀. Ìyá mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ pọ́n.

“Ẹ kú ìrìn, tíṣà,” ni Alága wí. “Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Mo wá bá Bàbá kẹ́dùn ni.”

“Ẹ ṣeun, sà. Wọ́n ti fẹ́ máa gbé òkú jáde. Bàbá, ẹ jẹ́ kí á lọ.”

Alága ló dá mi lóhùn. “Ohun tí a ń sọ lọ́wọ́ nìyẹn. Bàbá mọ ipò tí wọ́n wà. Bí ẹlòmíì bá rú òfin, a óò ní kò mọ̀. Bí katikíìsì bá rú u, ta la óò tún máa kọ́ ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní ìlú yìí? Ẹ jẹ́ kí wọ́n sin òkú tán. Tó bá di ọjọ́ kẹjọ, Bàbá lè lọ kí àwọn ọmọ nílé, kò sẹ́ni tó máa bá wọn wí.”

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ burúkú ló sì wà lẹ́nu mi. Bàbá mi gbé ọwọ́ sókè.

“Tíṣà,” ló wí. Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Orúkọ tí wọ́n sọ mí ló máa ń pè. “Nígbà tí o wà lọ́mọdé, mo kọ́ ọ ní àwọn iṣẹ́ àánú tí a ń ṣe fún ara. Kà wọ́n.”

Mo ń kà wọ́n bí ẹni tó ń lá àlá. Ká bọ́ ẹni tí ebi ń pa. Ká fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ lómi. Ká wọ aláìláṣọ láṣọ. Ká gba àlejò sílé. Ká bẹ aláìsàn wò. Ká bẹ ẹlẹ́wọ̀n wò.

“Ó ku ọ̀kan.”

“Ká sin òkú.”

“Òkú ta ni?”

“Wọn ò sọ, Bàbá.”

“Wọn ò sọ.” Ó gbé ìwé náà sórí tábìlì, ó sì dìde. “Alága, mi ò sọ pé irọ́ lẹ pa. Mo gbà pé Póòpù ló kọ lẹ́tà yẹn. Ṣùgbọ́n mò ń lọ sin ẹ̀gbọ́n mi.”

“Bàbá, ẹ mọ̀ pé ẹ ò ní lè gba Ara Olúwa mọ́?”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ mọ̀ pé gbogbo ìjọ ló ń wò yín?”

“Ọlọ́run náà ń wò mí.” Ó pe ìyá mi pé kí ó gbé agbádá òun wá.

Ohun tí mo rí lójú Alága lọ́jọ́ yẹn yà mí lẹ́nu. Mo rò pé yóò bínú. Kò bínú. Ẹ̀rù ló bà á. Ó jókòó sórí àga náà, ó ń wo ilẹ̀, a sì fi í síbẹ̀ jáde.

Ní ojúde ilé Bàbá Àgbà, àwọn ọkùnrin ti tò sẹ́yìn lèmọ́mù láti kírun sí òkú lára. Bàbá mi kò wọ inú ìlà. Ó ṣí fìlà, ó dúró lẹ́bàá ògiri, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ra, ètè rẹ̀ ń mì. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ lẹ́yìn mi pé, “Katikíìsì náà wá. A gbọ́ pé ìjọ wọn ní kó má wá.” Ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà ti dé ìta.

Nígbà tí wọ́n gbé òkú dé ibojì, tí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, tí wọ́n sì fi pákó bò ó, lèmọ́mù wo ẹ̀yìn. Ó ní, “Àbúrò dà? Ẹ jẹ́ kó bọ́ síwájú.” Àwọn èèyàn yà fún un. Ẹnì kan na ṣọ́bìrì sí i, ó ní òun kò fẹ́, kí wọ́n fún òun ní ọkọ́. Bàbá mi ti ń kọ ebè láti kékeré. Ó ṣẹ́ apá agbádá sí èjìká, ó ń wa yẹ̀pẹ̀ bo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láìyára, láìdúró, bí ẹni tó ń bo iṣu gbígbìn. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ní kó jẹ́ kí àwọn bá a ṣe é, ó mi orí. Kò sunkún. Ìgbà tí a dé ilé, tó bọ́ agbádá, tó rí yẹ̀pẹ̀ ní apá rẹ̀, ìgbà náà ló sunkún.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, Fadá wá. Nígbà tó tó àkókò láti gba Ara Olúwa, bàbá mi, tó jẹ́ pé òun ló máa ń ṣáájú gbogbo ìjọ, jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá. Kò dìde. Ojú gbogbo èèyàn ń lọ sẹ́yìn, ó ń padà síwájú. Fadá rí i. Ó dúró díẹ̀ níwájú pẹpẹ, bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan, ó sì tẹ̀ síwájú nínú Mísà.

Lẹ́yìn ìsìn, kí ẹnikẹ́ni tó pè mí, mo wọ yàrá kékeré tí Fadá ti ń bọ́ aṣọ Mísà.

“Fadá, ẹ ní ẹ óò wádìí.”

“Mo ti wádìí,” ló wí. Ó ní kí n pe bàbá mi àti Alága.

Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀, yàrá náà sì há tó bẹ́ẹ̀ tí mò ń gbọ́ èémí Alága. Fadá ní òun ti lọ sí ọ́fíìsì Bíṣọ́ọ̀bù. Wọn ò mọ nǹkan kan nípa lẹ́tà yẹn níbẹ̀. Ó ní bí Róòmù bá ní ọ̀rọ̀ fún wa, ọ̀dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù ni yóò gbà, òun Fadá ni wọn óò sì fún kí òun kà á. Kì í gba inú báàgì ẹnikẹ́ni wá.

“Alága, níbo lẹ ti rí i?”

Alága mú fóònù rẹ̀ jáde. Ó fi hàn wá: ọ̀rọ̀ gígùn kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àdúrà kan lórí Wásáàpù, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú àwòrán kọ́kọ́rọ́ méjì náà. Mo kà á láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní Póòpù ní kí àwọn ọmọ Ìjọ má ṣe bá àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn jọ́sìn. Kò dárúkọ ẹran Iléyá. Kò dárúkọ òkú.

“Sà,” mo ní, “ibo ni ọ̀rọ̀ ibojì wà nínú èyí?”

“Mo túmọ̀ rẹ̀ ni. Mo ṣàlàyé rẹ̀ kó lè yé àwọn èèyàn wa. Ẹni tó bá lọ síbi ìsìnkú, ṣé kò ti bá wọn jọ́sìn?”

“Ẹ ò sọ pé àlàyé yín ni. Ẹ ní kí a dìde dúró.”

Ó yíjú sí Fadá. “Fadá, ṣebí mo fi ránṣẹ́ sí yín kí n tó kà á. Ẹ ò fèsì. Mo rò pé ẹ fọwọ́ sí i ni.”

Fadá wo ilẹ̀. “Mo rí i. Mi ò kà á tán. Ohun púpọ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́.”

Èyí ni mo ti ń fura sí, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn pé ìfura mi jẹ́ òótọ́. Bàbá mi kò tiẹ̀ wo èyíkéyìí nínú wọn bí ẹni tó ń bínú. Ohun mìíràn ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

“Fadá,” ló wí, “ká fi ti lẹ́tà yìí sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé òun gan-an ló kọ ọ́ ńkọ́?”

Fadá jókòó.

“Bàbá, Póòpù ni olórí wa, a sì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà tó bá la ẹnu ni kò lè ṣìnà. Ìgbà tó bá jókòó lórí àga Pétérù, tó bá ń fi ìdí ẹ̀kọ́ kan múlẹ̀ fún gbogbo Ìjọ lágbàáyé, lórí ìgbàgbọ́ tàbí lórí ìwà, ìgbà náà ni. Kì í sì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Tó bá jẹ́ ti òfin àti ìlànà, ó lè ṣe é, ẹlòmíì lè yí i padà lọ́la. Òun pàápàá ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, Bàbá. Kò sì lè pa á láṣẹ fún wa pé kí a ṣe ohun tí Ọlọ́run kọ̀.”

“Ta ni yóò wá sọ fún mi èyí tí Ọlọ́run kọ̀?”

“Ẹ̀rí ọkàn yín, tí ẹ bá ti fi ẹ̀kọ́ Ìjọ tọ́ ọ dàgbà.”

“Alága náà ní ẹ̀rí ọkàn.”

Bàbá mi ní kí èmi àti Alága bọ́ síta, pé òun fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀.

“Bàbá, lẹ́tà yẹn kì í ṣe òótọ́,” ni Fadá wí. “Ẹ ò ṣẹ̀.”

“Lọ́jọ́ tí mo jáde nílé, òótọ́ ni lójú mi. Mo mọ̀ pé mò ń kọ ọ̀rọ̀ Póòpù sílẹ̀, mo sì lọ. Èyí tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ nìyẹn. Mi ò sì tíì mọ̀ bóyá mo kábàámọ̀.”

A jáde. Èmi àti Alága dúró lábẹ́ igi máńgòrò, a ò wo ara wa. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé mo bi í.

“Ọmọ mi obìnrin wà ní Ìsẹ́yìn. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin níbí rí. Láti ìgbà tó ti fẹ́ ọmọ Alhájì kan, ó ti gba ẹ̀sìn wọn. Wọ́n sọ ọmọ-ọmọ mi lórúkọ, èmi ni mo jókòó síbẹ̀, èmi ni mo jẹ sàráà wọn. Mo ń rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ rí i? Bóyá tí mi ò bá lọ nígbà yẹn, ì bá mọ̀ pé inú mi bàjẹ́.”

Mo ti kórìíra rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mo ti rò pé ipò bàbá mi ló ń dù. Bóyá ìyẹn náà wà níbẹ̀. Títí di òní, mi ò lè sọ èyí tó pọ̀ jù.

Bàbá mi jáde lọ́dọ̀ Fadá, kò sì sọ fún mi ohun tí wọ́n jọ sọ. Èmi náà kò bèèrè. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó gba Ara Olúwa. Lọ́jọ́ náà ni Fadá kéde lórí pẹpẹ pé lẹ́tà yẹn kò ti Róòmù wá, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi orúkọ Póòpù dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni mọ́. Ó tọrọ àforíjì pé òun dákẹ́ jù. Alága kò fi ìjọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n wá ẹlòmíì sí ipò rẹ̀. Òun àti bàbá mi ń kí ara wọn. Mi ò tíì rí wọn kí wọ́n jókòó pọ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Ìyá tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń wọ hìjáábù fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ìwọ gbà pé Póòpù kọ́? Wọ́n rí i pé ó dá wàhálà sílẹ̀ ni wọ́n fi fà á padà.” Mo ní, “Ìyá, irọ́ ni.” Ó ní, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ẹ kúkú mọ bẹ́ ẹ ṣe ń bo nǹkan.” Ìyàwó ọmọ rẹ̀ sì ti kó lọ sí ilé àwọn òbí rẹ̀ nígbà náà nítorí ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà. Ó tó ọdún kan kó tó padà.

Ohun tó yí padà lára bàbá mi kò pọ̀. Nígbà tí mo bá wà nílé ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń gbọ́ ọ níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá dáhùn pé Póòpù kò lè ṣìnà, yóò ní “Ó dáa,” yóò sì bọ́ sórí èyí tó kàn. Ní báyìí, ó máa ń bi wọ́n pé, “Nígbà wo?” Kì í sì jẹ́ kí wọ́n lọ títí wọn óò fi dá a lóhùn dáadáa.

Nígbà tí Póòpù àtijọ́ kú tí wọ́n sì yan tuntun, inú bàbá mi dùn bí ọmọdé. Ó ní kí n fi àwòrán rẹ̀ han òun lórí fóònù. Ó tẹjú mọ́ ọn títí iná fóònù náà fi kú, ó ní kí n tún tan án. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, nígbà tí wọ́n dárúkọ Póòpù tuntun nínú àdúrà, mo rí i tó tẹrí ba ju ti ẹnikẹ́ni lọ.

Bí a ti ń lọ sílé, mo bi í léèrè.

“Bàbá, lẹ́yìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún un?”

“Àdúrà ni mò ń gbà fún un. Tí kò bá lè ṣìnà rárá, kí la tún ń gbàdúrà fún un sí?”

Ó kọjá lọ síwájú, mo sì tẹ̀lé e. Ìsìnmi ilé ẹ̀kọ́ ló wà níta nígbà náà, kajú sì ti ń jábọ́ lóko. A pààrọ̀ aṣọ, a jẹun, a sì lọ ṣà wọ́n.